Onílé Di Oníbodè

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ ni ó ti bá àwọn ọmọ ka ewì Wọlé Ṣóyínká nì, "Telephone Conversation", níbi tí obìnrin onílé kan ní Ìlú Òyìnbó ti ń bi ẹni tí ó fẹ́ gba yàrá léèrè bí àwọ̀ rẹ̀ ti dúdú tó. Àwọn ọmọ a rẹ́rìn-ín, wọn a ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí òfin ọdún 1968 ti ká ọ̀pọ̀ irú onílé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò.

Nígbà tí èmi lọ kàwé lọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè àwọ̀. Ìwé ni wọ́n ń béèrè. Òfin ọdún 2014, tí ó kárí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kejì ọdún 2016, ti sọ onílé di oníbodè: ó ní láti yẹ ìwé ayálégbé wò bóyá ìjọba gbà á láyè láti gbé ìlú náà. Bí ó bá gba ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́, owó ìtanràn ń bẹ. Láti ọdún 2024, ó lè tó £10,000 lórí ẹnì kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bá onílé rò ó. Ẹni méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan mú ìwé ìrìnnà ìlú náà lọ́wọ́, èkejì mú ti ilẹ̀ òkèèrè. Kò di dandan kí ìkórìíra wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rù owó ìtanràn tó. Físà tèmi pé pérépéré, síbẹ̀ alágbàtà ilé kan fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé wọ́n ti gba yàrá náà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìkéde rẹ̀ ṣì wà lára fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀. Ìyá arúgbó kan, ọmọ Jàmáíkà, ni ó gbà mí níkẹyìn. Ó gbé ìwé mi sókè sí ìmọ́lẹ̀ bí aláte tí ó ń wá owó ayédèrú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

Ní ọdún 2019, Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé òfin náà ń mú kí àwọn onílé ṣe ojúsàájú tí wọn kì bá tí ṣe. Ní ọdún 2020, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà pé ojúsàájú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò tó láti fi wọ́gi lé òfin náà. Wọ́n rí egbò, wọ́n ní kí ọ̀bẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Èyí dùn mí ju ti alágbàtà lọ.

Nílé ńkọ́? Kò sí òfin tí ó rán onílé wa níṣẹ́ oníbodè, síbẹ̀ ta ni nínú yín tí a gbé lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn tí wọn kò kọ́kọ́ bi léèrè pé ọmọ ibo ni? Lẹ́nu iṣẹ́ àbẹ̀wò mi, mo bá olùkọ́ ìṣirò kan tí ó ti fi oṣù mẹ́ta sùn sí yàrá ìkówèésí ilé-ìwé. Owó ilé ọdún kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti dárúkọ ara rẹ̀ tán ni ilé máa ń kún.