Oníbodè Méjì ní Ẹnubodè Kan

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lórí àrànmọ́ fáwẹ́lì ni mo ṣèlérí fún yín. Ẹ forí jì mí, yóò dé láìpẹ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo mú wá lónìí. Ẹ má ṣe tìtorí èyí ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí pé orúkọ tí a fún nǹkan ni ó kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà, ìmọ̀ èdè ni ó sì padà yọ mí.

Ní ọdún 2021, akẹ́kọ̀ọ́-bìnrin kan tí mo ń bójú tó ìwádìí rẹ̀ fún oyè kejì lọ sí agbègbè Ìsẹ́yìn, ó sì gba ohùn ìyá arúgbó kan sílẹ̀ níbi tí ìyá náà ti ń sun ẹkún ìyàwó. Wákàtí 14 ni àpapọ̀ ohùn náà: ẹkún ọ̀hún fúnra rẹ̀, àlàyé tí ìyá ṣe lé e lórí, àti ìtàn àwọn ọmọge ìgbà èwe rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà tí ó wà ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ẹ̀ka wa ni a kó gbogbo rẹ̀ sí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìyá náà papò dà. Kò pẹ́ sí i, olè gba kọ̀ǹpútà alágbèéká akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ̀dà tirẹ̀ sì bá a lọ. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ó kù láyé. Èmi tí mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n ṣe ẹ̀dà mẹ́ta ohunkóhun tí wọ́n bá gbà sílẹ̀, èmi náà ni mo ń sọ pé òní ni, ọ̀la ni, títí a fi wọ ọdún 2023.

Ní ọjọ́bọ̀ kan lọ́dún náà, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́rin tí ọmọ náà yóò dúró níwájú àwọn olùdánwò, a lọ kó ohùn náà. Wàhálà bẹ̀rẹ̀. Iná ìjọba tí ó dé tagbáratagbára ti jó gbogbo ihò tí à ń ki fìláàṣì bọ̀ lára ẹ̀rọ náà. Òǹtẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tú u láìgba ìwé àṣẹ. Íntánẹ́ẹ̀tì wa kò lè ru ẹrù bíi gígábáìtì 9. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù ni wáyà tí ó so àwọn kọ̀ǹpútà ẹ̀ka wa pọ̀, kí ohùn náà gba ibẹ̀ bọ́ sínú kọ̀ǹpútà tèmi.

Ṣùgbọ́n firewall tí ó wà nínú ètò ààbò ẹ̀rọ náà kọ̀ jálẹ̀. Kò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mìíràn wọlé mú nǹkan, kò sì jẹ́ kí ohunkóhun jáde lọ bá a. Mo ní kò burú, n ó ṣí ọ̀nà kan fún un. Mo wọ ibi tí a ti ń to òfin firewall, mo kọ òfin tuntun, mo tẹ ibi tí a ti ń fi í pamọ́. Ojú fèrèsé ètò náà gbọ̀n rìrì, ó sì pòórá. Mo tún ṣí i, n kò bá òfin tuntun mi níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dán an wò, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ètò náà dákú mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá ní kí ó wá kòkòrò kiri inú ẹ̀rọ, á ṣe é láìsí wàhálà. Bí mo bá ti fọwọ́ kan òfin firewall báyìí, ó parí.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà dúró sẹ́yìn mi. Ó ní, "Ṣé ohùn màmá ò ní bá a lọ báyìí, sà?" N kò rí èsì kankan fọ̀.

A ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó máa ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tilẹ̀ jókòó tán. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dọ́kítà. Ẹ jẹ́ kí n fọ́máàtì ẹ̀. Kíá ni, á sì dà bí tuntun."

Mo ní, "Ohùn màmá tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́?"

"Háà! Inú díìsì yẹn náà ló wà? Tóò, ẹ jẹ́ ká kúkú yọ ètò ààbò yẹn dànù. Kí ẹ̀rọ wà ní gbangba fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí la fẹ́ fi ṣe?"

Kí n má purọ́, ìmọ̀ràn kejì yìí wọ̀ mí lójú. Ohun tí ó dá mi dúró ni ohun tí ojú mi rí ní oṣù kẹjọ ọdún 2003. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà, mo ń tẹ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi ní ilé kọ̀ǹpútà tí à ń sanwó ní wákàtí-wákàtí. Lójijì, àpótí kékeré kan yọ sójú ẹ̀rọ, ó ní òun yóò pa ara òun láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 60, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á wálẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ inú ilé náà ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ìwé mẹ́fà ni mo pàdánù lọ́jọ́ náà. Kòkòrò Blaster ni. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni ṣí lẹ́tà tàbí kí ó tẹ nǹkan. Ẹnu ọ̀nà 135 tí ó wà ní ṣíṣí sílẹ̀ lára àwọn kọ̀ǹpútà Windows ni ó ń gbà wọlé fúnra rẹ̀. Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde ní oṣù keje, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò gbà á. Firewall wà nínú Windows XP nígbà náà, ṣùgbọ́n pípa ni wọ́n ń pa á tà. Oṣù kẹjọ ọdún 2004 ni àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní Service Pack 2 tó dé, tí ó sọ ọ́ di ohun tí ó ń tàn fúnra rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Mo bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin náà kí ó ní sùúrù, mo sì jókòó ronú. Ibi tí ọ̀rọ̀ èdè ti wọ̀ ọ́ nìyí.

Nínú kíláàsì ìtumọ̀, ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń pe firewall ni "ògiri iná". Èmi náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀ lọ́kàn mi. Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún Yorùbá tí kò rí kọ̀ǹpútà rí, yóò rò pé ògiri tí a fi iná mọ ni, tí ó ń jó lala. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀lé Gẹ̀ẹ́sì, ògiri tí ó ń dènà iná ni, èyí tí kò jẹ́ kí iná ilé kan ran ilé kejì. Lẹ́yìn tí iná jó ìlú London ní ọdún 1666, òfin àtúnkọ́ ìlú náà ní bíríkì tàbí òkúta ni kí wọ́n máa fi mọ ilé, kí iná má baà rí ọ̀nà máa fò láti ilé dé ilé. Nínú ọ̀rọ̀-orúkọ alákànpọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, "iná" kì í ṣe ohun èlò tí a fi mọ ògiri, ọ̀tá tí a mọ ògiri nítorí rẹ̀ ni. Ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti sọ ọ̀tá di bíríkì.

Ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ pè é ní "ògiri adènà-iná", ó ṣì ku díẹ̀ káàtó. Ògiri kò ní làákàyè, kì í bi èrò léèrè ọ̀rọ̀. Firewall inú kọ̀ǹpútà ń yẹ ẹrù kọ̀ọ̀kan wò: níbo ni o ti ń bọ̀? Ọ̀dọ̀ ta ni ò ń lọ? Ẹnu ọ̀nà wo nínú ẹnu ọ̀nà 65,535 ni o fẹ́ gbà? Lẹ́yìn náà ni yóò wo ìwé òfin ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó sọ pé "kọjá" tàbí "padà". Ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú àwọn ìlú wa olódi láyé àtijọ́? Oníbodè ni. Odi dúró tirẹ̀ gbagidi, oníbodè ni ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí ó ń wo ojú èrò, tí ó ń gba owó ibodè.

Bí mo ti pe orúkọ yẹn tán ni ìbéèrè ọkàn mi yí padà. Nígbà tí ó jẹ́ ògiri, ibi tí ó ti sán ni mo ń wá. Nígbà tí ó di oníbodè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé: ta ni ó ń bá oníbodè yìí jà? Ta tún ni ó jókòó sí ẹnubodè náà? Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan.

Mo ṣí Event Viewer, ìwé àkọsílẹ̀ tí Windows ń kọ gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ inú ẹ̀rọ sí. Mo wá àkókò tí ètò náà dákú. Lábẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1000, àkọsílẹ̀ náà dárúkọ ètò tí ó ṣubú, ó sì dárúkọ fáìlì tí ó ti ibẹ̀ ṣubú. Fáìlì náà kì í ṣe ti ètò ààbò wa rárá. Orúkọ ètò ààbò mìíràn ni ó ń jẹ́, èyí tí ẹ̀ka wa lò tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ní àwọn ti yọ kúrò ní ọdún 2019.

Ìfura kò tíì di ẹ̀rí. Bí a ṣe ń ṣe nínú ìmọ̀ fonọ́lọ́jì ni mo ṣe. Bí a bá fẹ́ fi hàn pé ohùn orí ọ̀rọ̀ ni ó yí ìtumọ̀ padà, a ó to ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kọ́ńsónáǹtì kò yí padà, fáwẹ́lì kò yí padà, ohùn kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ó bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà kò lè mọ èyí tí ó fa ìyàtọ̀. Mo fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì yọ kí n tó ṣe ohunkóhun. Mo tẹ msconfig, mo fi àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tí í ṣe ti Microsoft sílẹ̀, mo fi ti ètò ààbò wa náà sílẹ̀. Ó ku 16. Mo dá gbogbo wọn dúró, mo pa ẹ̀rọ, mo tún tàn án. Mo kọ òfin firewall, ó dúró! Kò dákú. Mo wá ń pín wọn sí méjì-méjì: mo dá 8 padà, lẹ́yìn náà 4, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà ẹyọ kan. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù lábẹ́ ìfura. Oníbodè ọdún 2019 ni. Wọ́n ti gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò gba kọ́kọ́rọ́. Ní gbogbo ìgbà tí a bá tan ẹ̀rọ ni ó ń jí, tí yóò lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bí oníbodè tuntun bá ti fẹ́ yí òfin padà, yóò gbá a lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì yóò sì wó lulẹ̀.

Ẹ rí i pé bí a bá ti tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ọ̀dọ́mọkùnrin wa, ẹni tí kò ṣẹ̀ ni à bá lé, ọ̀daràn a sì wà níbẹ̀.

Mo ní kí Windows ṣàmì ibi tí a lè padà sí bí nǹkan bá bàjẹ́. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ètò àtijọ́ náà ní irinṣẹ́ tirẹ̀ fún yíyọ ìyókù rẹ̀, nítorí pé yíyọ lásán kì í sábà kó gbogbo rẹ̀ lọ. Mo fi ẹ̀rọ tèmi gbà á láti ojú ewé wọn, mo sì fi CD gbé e lọ sórí ẹ̀rọ náà. A pa ẹ̀rọ, a tún tàn án, a dá àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ yòókù padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo kọ òfin tuntun mi: kọ̀ǹpútà tèmi nìkan, ẹnu ọ̀nà 445 nìkan, kò sí ẹlòmíràn. Mo tẹ ibi ìfipamọ́. Ó dúró. A ki wáyà bọ̀ ọ́, ohùn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kọjá tán, mo pa òfin náà rẹ́, oníbodè sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣí fáìlì àkọ́kọ́. Ìyá wúkọ́ díẹ̀, ó bèèrè bóyá ẹ̀rọ ti ń gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ fọ́máàtì ẹ̀rọ náà ṣí fìlà.

Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, gbogbo ayé rí irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà tí ó tóbi. Fáìlì àtúnṣe kan ṣoṣo tí ilé iṣẹ́ CrowdStrike fi ránṣẹ́ sí ètò ààbò rẹ̀ ní àbùkù, ó sì da kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 dùbúlẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú kò gbéra, ilé ìwòsàn ń fi ọwọ́ kọ̀wé. Ìdí ni pé ọ̀gbun inú ẹ̀rọ ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń gbé. Bí ọlọ́jà bá ṣubú, ọjà ń lọ. Bí oníbodè bá ṣubú dí ẹnu ọ̀nà, ìlú dúró.

Ẹ̀kọ́ mi kò pọ̀. Bí ètò ààbò yín bá ń dákú nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan òfin firewall, ẹ ka ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ wá oníbodè kejì. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì ohun tí ẹ kò tíì ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ní ti wákàtí 14 wa, ẹ̀dà mẹ́ta ni ó ní báyìí, ní ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú tì mí kí n tó ṣe é.

Nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo ti pa "ògiri iná" rẹ́. "Oníbodè" ni mo kọ sí i. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú un wá, etí mi ń bẹ nílẹ̀.

Ire o.