Omi Ọjọ́ Kan Lórí Òkè Ìdáàṣà

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé Ìdáàṣà nígbà ọyẹ́ kò ní gbà pé omi lè ṣàn lórí àwọn òkè wọ̀nyí. Àpáta ni wọ́n, dúdú, pípá bí orí àgbà, oòrùn sì ń ta wọ́n láti òwúrọ̀ títí dalẹ́. Nǹkan bí 200 kìlómítà ni ìlú náà sí Kútọnu, lójú ọ̀nà Páràkú. «Ìlú òkè 41» ni wọ́n ń pè é. Lóṣù Ògún, ọ̀pọ̀ èrò ìjọ Kátólíìkì máa ń wá gbàdúrà ní ihò àpáta Àrígbo, ọ̀pọ̀ wọn a sì padà sílé láì gun òkè kankan.

Lóṣù Ọwẹ́wẹ̀ tó kọjá, òjò rọ̀ mọ́jú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì tí wọ́n wá láti Kútọnu ti gun zémíjàn dé ẹsẹ̀ òkè, níbi tí Bàbá tí yóò ṣamọ̀nà wa ti ń dúró pẹ̀lú àdá àti ọ̀pá. Ó kìlọ̀ fún wa pé àpáta ń yọ̀, ó sì ní kí a má pariwo lábẹ́ igi àràbà kan, nítorí ojúbọ ni. A gòkè fún bíi wákàtí kan. Nígbà tó yá, ọmọ kan béèrè pé, «Bàbá, níbo ni odò náà wà?» Àgbà náà rẹ́rìn-ín. «Kò sí odò níbí, ọmọ mi. Òjò àná lẹ ń gbọ́ yẹn.»

Lóòótọ́, a ti gbọ́ ọ kí a tó rí i. Omi ń já bọ́ láti ibi tó ga tó òrùlé ilé, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí aṣọ funfun tí a sá sórí okùn, ó sì ń rọ́ sínú kòtò tí omi ọ̀pọ̀ ọdún ti gbẹ́ sínú òkúta. Mo bù ú mu. Ó tutù nini. Bàbá ní kí oòrùn tó wọ̀, yóò ti dá.

Òkúta òkè wa kì í mu omi. Bí òjò bá ti rọ̀, ńṣe ló ń sáré sọ̀ kalẹ̀. Erùpẹ̀ inú pàlàpálá àpáta, àti gbòǹgbò igi tó dì í mú, ló ń dá omi dúró, tí ó fi ń kán díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìsun àti kànga ìsàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ìgbafẹ́. Nígbà ogun Dàhòmì, kí àwọn ọmọ ogun Faransé tó gba Àgbómẹ̀ lọ́dún 1892, orí òkè ni àwọn baba ńlá wa ń sá sí. Ẹni tó sá gòkè tí kò rí omi mu, òùngbẹ ni yóò lé e sọ̀ kalẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tá. Omi inú kòtò àpáta wà lára odi wọn.

Dassa-Zoumè ni wọ́n ń kọ orúkọ ìlú wa ní Faransé. Èdè Fọ̀n ni «Zoumè». Inú igbó ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwa náà ń pè é ní Igbó Ìdáàṣà. Èdè méjèèjì ló jẹ́rìí sí igbó.

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, a rí kùkùté igi àyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé fún èédú, a sì ń gbọ́ ìró òòlù àwọn tó ń fọ́ òkúta tà. N kò lè bá wọn jà. Ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ ni. Ṣùgbọ́n Bàbá fi ọ̀pá kan kùkùté náà, ó ní, «Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, omi ń kán lábẹ́ ibí yìí títí ọyẹ́ fi ń dé. Ní báyìí, ọ̀sẹ̀ kan péré ni.»

Nírọ̀lẹ́, èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ náà fà mí padà sí ẹsẹ̀ òkè. A kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ojú omi nìkan ló kù lára àpáta. Ó béèrè lọ́wọ́ Bàbá bóyá a lè gbin àyin. Bàbá ní a lè gbìn ín, bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé. A ti fi àdéhùn sí i.