Ilé Àwòṣífìlà Nínú Fọ́tò Dúdú àti Funfun

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwọn ọmọ kéwú wa ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Ọ̀kan nínú wọn ti kọ́ iṣẹ́ náà fún ọdún méjì, ìyá rẹ̀ sì ti ta lára ọjà rẹ̀ láti fi ra kámẹ́rà fún un. Ohun tí ó wu ọmọ náà jù ni kí ó máa ya àwọn ilé gíga ìlú ńlá ní dúdú àti funfun. Àgbàlagbà kan wá sọ fún un pé kí ó ta kámẹ́rà náà, pé èèwọ̀ ni fọ́tò. Láti ọjọ́ náà ni ojú ọmọ náà ti rẹ̀wẹ̀sì. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálàmù.

Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí fọ́tò ènìyàn àti ẹranko. Àwọn kan kọ̀ ọ́ nítorí ìkìlọ̀ tí ó wà nínú hàdíìsì nípa àwọn tí ń ṣe àwòrán. Àwọn mìíràn, bí Sheikh Muhammad Bakhit al-Muti'i tí ó jẹ́ Mùfútì Íjíbítì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, gbà pé fọ́tò kì í ṣe dídá ẹ̀dá, pé òjìji ni ẹ̀rọ náà kàn mú dúró. Ṣùgbọ́n ti ohun tí kò ní ẹ̀mí yàtọ̀. Ibn Abbas gba ayàwòrán kan tí ó wá bá a ní ìmọ̀ràn pé, bí kò bá lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó máa ya igi àti ohun tí kò ní ẹ̀mí. Ilé kò ní ẹ̀mí. Ọmọ wa kò jẹ̀bi.

Àwọn ènìyàn wa kan a máa sọ pé inú èdè Lárúbáwá ni orúkọ kámẹ́rà ti wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè Látìnì ni, yàrá sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, Mùsùlùmí ní ipa nínú ìmọ̀ rẹ̀. Ibn al-Haytham, tí a bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, to fìtílà mélòó kan sí iwájú ihò kékeré tí ó wọ inú ibi òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ fìtílà kọ̀ọ̀kan hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lára ògiri. Nígbà tí ó bo ọ̀kan, tirẹ̀ nìkan ni ó pòórá. Ó ti ibẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà tààrà ni ìmọ́lẹ̀ ń tọ̀. Orí ìmọ̀ yìí ni kámẹ́rà dúró lé títí di òní.

Ilé àwòṣífìlà tí mo mọ̀ jù ni Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn. Ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀. Àjà 26 ni ó ní, gíga rẹ̀ sì tó mítà 105. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Láyé ìgbà náà, àjọ ìjọba tí ń ra kòkó ni ó ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Iye náà a máa kéré sí ohun tí kòkó ń mú wá lókè òkun, ìyókù a sì wọ àpò ìjọba. Àwa ará Àkókó wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, kòkó tiwa náà sì wà níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1985, iná jó ilé náà. Ó di 1992 kí wọ́n tó tún un ṣe.

Ní 1989, nígbà tí mo wà ní ilé-kéwú ní Ìbàdàn, mo yá kámẹ́rà ọ̀rẹ́ mi kan, mo ya ilé náà bí iná ti fi í sílẹ̀, mo sì gbé fọ́tò náà lọ fún bàbá mi ní Ọ̀kà. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n. Wọn kò dé Ìbàdàn rí. Wọ́n gbé e sún mọ́ fìtílà, wọ́n ń fi ìka ka àwọn fèrèsé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè títí òǹkà fi dàrú mọ́ wọn lójú. Wọ́n ní, "Àpò kòkó tèmi, àjà kelòó ni ó wà?"

Mo ní, "Bàbá, n kò mọ̀."

Wọ́n ní, "Bóyá abẹ́ ilẹ̀ ni. Ohun tí ó gbé ilé dúró, a kì í rí i."

Inú àpótí wọn ni a ti bá fọ́tò náà lẹ́yìn tí wọ́n jáde láyé.

Kí ni àǹfààní dúdú àti funfun? Bí àwọ̀ bá kúrò, òjìji àti ìmọ́lẹ̀ ni yóò kù, àwọn ni wọ́n sì ń fi bí ilé ti rí hàn. Ẹ má yà á lọ́sàn-án gangan. Ẹ lọ ní kùtùkùtù tàbí lẹ́yìn Àsárì, nígbà tí oòrùn bá ń fi ẹ̀gbẹ́ kan ilé. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa sọ ojú ọ̀run di funfun, ilé a sì ṣú bàìbàì. Lẹ́yìn òjò ni ó dára. Gíláàsì pupa lójú kámẹ́rà a máa sọ ojú ọ̀run aláwọ̀ aró di dúdú, ilé funfun a sì yọ. Bí ẹ bá dúró sí ìdí ilé tí ẹ gbé kámẹ́rà sókè, yóò dà bí ẹni pé ilé fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Ẹ jìnnà sí i, tàbí kí ẹ gun ibi gíga bí Òkè Màpó. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ kí ẹ tó yà á, ẹ má sì dojú kámẹ́rà kọ fèrèsé onílé, nítorí ìsìn wa kọ yíyọjú wo ilé ẹlòmíràn.

J.D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ ilẹ̀ Emai ní Ẹdó, tí a bí ní 1930 tí ó sì kú ní 2014, fi dúdú àti funfun ya irun dídì àwọn obìnrin títí ó fi tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Ó tún ya àwọn ilé ìgbà tirẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó yà ti yí padà, fọ́tò ni ó kù.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kìlọ̀ fún wa nípa ìgbà tí àwọn darandaran aláìníbàtà yóò máa fi ilé gíga bára wọn díje. Nítorí náà, kí ẹni tí ń ya ilé gíga má ṣe yà á láti fi yangàn. Kí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé: owó ta ni, òógùn ta ni?

Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ ta kámẹ́rà wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò dìgbà tí ẹ bá dé Èkó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn òkúta ńlá tí ó wà láàrin Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, àti ilé-ìṣọ́ mọ́sáláṣí yín. Fóònù ọwọ́ yín náà lè ya dúdú àti funfun. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ibẹ̀ sí ẹ̀yìn gbogbo fọ́tò tí ẹ bá tẹ̀ jáde.

Kí Ọlọ́run Allah fi ìmọ̀ tó wúlò kẹ́ wa. Àmín.