Owó Oṣù Tí Ayálégbé Kò Gbé

  

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ohun tí mo kà nínú ìwé nìkan. Èmi gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Mo ń sọ ọ́ kí ẹni tó bá nílé, àti ẹni tó ń gbé ilé onílé, lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀.

Bàbá mi fi ilé kan sílẹ̀ fún wa ní Ìmẹ̀rí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọsẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn tí iṣẹ́ gbé wá sí ìlú ló sábà máa ń gba ilé lọ́wọ́ wa: tíṣà, nọ́ọ̀sì, àgùnbánirọ̀. Tíṣà kan wá gba yàrá àti pálọ̀. 60,000 náírà ni owó ọdún kan. Òrùlé ń jò nígbà náà, mo sì nílò owó, ni mo bá ní kó san ti ọdún méjì. Ó lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó kó 120,000 náírà fún mi. A kọ ìwé, a fọwọ́ sí i. Ọdún méjì ni ìwé náà wí. Kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan bá fẹ́ jáde kí ọdún méjì tó pé.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ó wá bá mi lẹ́yìn ìrun Jimọ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún, oyún náà kò sì rọgbọ. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ní kó ti máa gba ìtọ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ agbègbè wa mọ bí ọ̀nà náà ti rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ̀n ti Ìfọ̀n, Ọba Adégòkè Adéùsì, lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wálé. Bí a bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọba, ta ni yóò gbé aláboyún jáde lóru?

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi dá díẹ̀ padà nínú owó yẹn, kí n fi gba ilé ní Ọ̀wọ̀."

Mo dáhùn pé àdéhùn ni àdéhùn. Àní mo rán an létí Súúratul-Máídà, àáyá kìíní, níbi tí Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ fún àwa onígbàgbọ́ pé kí á máa mú àdéhùn wa ṣẹ. Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò sọ ni pé owó náà ti tán, mo ti fi kan páànù.

Kò bá mi jà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó kó ẹrù rẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ wá, ó sì kí mi pé ó dàbọ̀.

Oṣù kan péré ni yàrá náà fi ṣófo. Nọ́ọ̀sì kan dé, ó san 60,000 náírà fún ọdún kan. Inú mi dùn, mo tilẹ̀ ń sọ pé Ọlọ́hun ló pèsè. Mo sọ ọ́ létí àlùfáà wa lálẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, bí ẹni tó ń ròyìn ore. Bàbá wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, lórí yàrá kan, lóṣù kan, ẹni mélòó ló ń sanwó fún ọ?"

Ẹnu mi wọhò.

Bàbá wá là á yé mi. Ní ojú ẹ̀sìn, ẹni tó gba ilé kò ra ilé. Àǹfààní gbígbé inú rẹ̀ fún àkókò kan ló rà. Nínú másíábù Málíkì tí àwa ń tẹ̀lé nílẹ̀ Yorùbá, àti lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn onímímọ̀ yòókù, àdéhùn yìí ti de tọ̀tún-tòsì. Onílé kò lè lé ayálégbé jáde kí àkókò tó pé nítorí pé ó rí ẹni tí yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ayálégbé náà kò lè dìde lójijì kó ní kí wọ́n dá owó òun padà nítorí ọ̀ràn ti ara rẹ̀ nìkan. Àwọn onímímọ̀ másíábù Hánáfì ló fàyè gba kí àwíjàre tó lágbára tú àdéhùn náà ká. Bí ó bá sì jẹ́ ìbẹ̀rù tó kárí gbogbo ìlú, tí kò sẹ́ni tó lè gbé ibẹ̀ mọ́, Ibn Qudámà sọ nínú ìwé rẹ̀ Al-Mughnì pé ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ láti tú u ká. Ṣùgbọ́n Ìmẹ̀rí kò tú. Àwa ṣì ń gbé ibẹ̀.

"Nítorí náà," Bàbá ní, "bí o bá ti ilẹ̀kùn, tí o fi yàrá náà sílẹ̀ fún un títí ọdún méjì yóò fi pé, o kò jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n o ti fún ẹlòmíràn. Oṣù tí o ti tà fún tíṣà ni o tún tà fún nọ́ọ̀sì. Èwo nínú owó méjèèjì ni tìrẹ?"

A jókòó ṣe ìṣirò. 5,000 náírà ni oṣù kan. Oṣù mẹ́jọ tó gbé jẹ́ 40,000. Oṣù kan tí yàrá fi ṣófo jẹ́ 5,000, ọrùn rẹ̀ ni ìyẹn wà. Oṣù méjìlá tí nọ́ọ̀sì san jẹ́ 60,000: èyí kò tọ́ sí mi, dandan ni kí n dá a padà. Ó wá ku oṣù mẹ́ta, 15,000 náírà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà. Lórí ìyẹn ni Bàbá ti sọ hadiisi tí Abú Húráírà gbà wá fún mi, èyí tó wà nínú àkójọ Abú Dáwúdà: pé ẹni tó bá gbà kí Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ara rẹ̀ kúrò nínú òwò tó ti ṣe, Ọlọ́hun yóò fojú fo àṣìṣe tirẹ̀ náà. Ìkọ̀ọ́là ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe tipá, ọrẹ ni. Mo ní mo yọ̀ǹda oṣù mẹ́ta náà.

Mo gbé 60,000 náírà lọ sí Ọ̀wọ̀, mo san ìyókù lópin oṣù. Ìyàwó ti bímọ, àwọn méjèèjì sì wà láàyè, àlàmùdúlílàhì. Ọkọ sọ fún mi pé owó èlé ni òun lọ yá láti fi gba ilé tuntun, nítorí gbèsè ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ kò tíì tán. Mi ò lè gbójú sókè wò ó. Èmi tí mo fi àáyá ṣe ìdáhùn fún un ni mo tì í sínú owó èlé.

Ẹ̀yin onílé, ẹ jẹ́ kí á tọ́jú ara wa. Ẹ kọ ìwé, kí ẹ sì kọ sínú rẹ̀ ohun tí a ó ṣe bí ẹnìkan bá fẹ́ jáde ṣáájú: oṣù mélòó ni yóò fi sọ, èló ni a ó dá padà, ìgbà wo. Àwọn Mùsùlùmí a máa dúró lórí májẹ̀mú wọn. Ẹ má ṣe ná owó oṣù tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé bí ẹni pé ó ti di tiyín pátápátá. Ẹ ṣọ́ra fún gbígba owó ọdún púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní Èkó, òfin ilé gbígbé ti ọdún 2011 tilẹ̀ kọ̀ fún onílé láti gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun.

Ẹ̀yin ayálégbé náà, ẹ tètè sọ. Ẹ má ṣe sá lọ lóru, ẹ má sì fi ẹlòmíràn sínú ilé láìjẹ́ kí onílé mọ̀. Ẹ bá a wá ẹni tí yóò rọ́pò yín, ẹ san owó iná, ẹ gbá ilé mọ́ kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Bí onílé bá ní òun kò lè dá owó padà, ẹ mọ̀ pé ó lè jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí á jẹ owó ẹlòmíràn lọ́nà àìtọ́. Kí Ó fojú fo àṣìṣe wa, kí Ó sì bá wa ṣọ́ àwọn ọ̀nà wa. Àmín.