Aṣọ Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ Tí A Gbé Lọ sí Lomé

Àǹkárá yáàdì méjì ló gbé wa dé Lomé. Màmá wa ló rà á níbẹ̀ kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní ọmọ wa obìnrin ni kí a fi rán kaba fún. Nígbà tí ọmọ pé ọdún márùn-ún, àwa tọkọtaya sọ pé a kò ní gbé e fún télọ̀, ọwọ́ ara wa la ó fi rán an. Ìrọ̀rí méjì péré la sì tíì rán rí láyé wa.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń fò ló wà lára aṣọ náà. Nítorí pé a kò fẹ́ rán èjìká, a ṣẹ́ aṣọ po níbẹ̀, a sì gé iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbọọrọ bí àpò. Ọmọ wọ̀ ọ́, inú rẹ̀ dùn, ó yí ẹ̀yìn sí wa. Ẹyẹ iwájú ń fò lọ sókè, àmọ́ gbogbo ẹyẹ ẹ̀yìn ló dorí kodò. Ọmọ kò mọ nǹkan kan. Àwa la kò lè sọ̀rọ̀.

Bí a ṣe pinnu láti lọ wá irú rẹ̀ nìyẹn. A gba Sẹ̀mẹ̀, a la Kùtọnu kọjá, a sì gba ẹnubodè Hilla-Condji wọ Togo. Ọjà ńlá Lomé wà láàárín ìlú, lẹ́bàá kàtídírà tí àwọn ará Jámánì kọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe ìjọba níbẹ̀. Assigamé ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Ewe: "asi" ni ọjà, "ga" ni ńlá, "me" sì ni inú. Ọjà yìí ni àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ti fi àǹkárá di olówó, débi pé mọ́tò Mercedes Benz tí wọ́n ń gùn ló fún wọn lórúkọ. Àwọn náà ló ń sọ aṣọ lórúkọ kí ó lè tà. Pagne ni wọ́n fi ń wọn aṣọ níbẹ̀. Yáàdì méjì ni pagne kan, ó sì tó fún ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń rán aṣọ ọmọ kékeré.

Ní ìsọ̀ kẹrin, màmá àgbàlagbà kan gbọ́ bí a ṣe ń bá ara wa jiyàn ní Yorùbá.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ káàbọ̀. Kí lẹ ń wá?"

Anago ni wọ́n, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Àdúgbò kan tiẹ̀ wà ní Lomé tó ń jẹ́ Anagokomé. Màmá kò ní irú aṣọ náà. Wọ́n ní kí a mú èyí tí a bàjẹ́ wá. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n sọ fún wa pé iná tó jó ọjà náà ní oṣù kìíní ọdún 2013 kó gbogbo ọjà àwọn lọ.

"Aṣọ tí a gé kì í ṣe aṣọ tó jóná. Ẹ jókòó."

Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sábẹ́ abíyá. Wọ́n ní kí a gé òkè kúrò pátápátá, kí a dorí apá ẹ̀yìn padà kí ẹyẹ lè nàró, kí a ṣẹ́ ẹ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí a sì rán ìsàlẹ̀ náà mọ́ òkè tuntun tí a bá fi aṣọ aláwọ̀ kan gé. Wọ́n bá wa mú aláwọ̀ aró.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ bá wa rán an."

"Rárá o. Ta ni ìyá yín sọ pé kó rán an?"

Ohun tí wọ́n kọ́ wa kí a tó dìde nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fọ àǹkárá kí ẹ tó gé e, nítorí ó lè sún kì. Ẹ tẹ́ kaba tó bá ọmọ mu dáadáa lórí ìwé ìròyìn, ẹ fa ìlà yí i ká, kí ẹ sì fi ìwọ̀n ìka kan kún un fún ojú rírán. Bí àwòrán aṣọ bá ní orí àti ìdí, ẹ gé iwájú lọ́tọ̀, ẹ gé ẹ̀yìn lọ́tọ̀, kí ẹ rán èjìká. Orí ọmọ tóbi ju ọrùn rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ la ẹ̀yìn ọrùn díẹ̀, kí ẹ fi bọ́tìnì kan sí i. Ẹ ṣẹ́ etí ìsàlẹ̀ ní fífẹ̀, kí ẹ lè tú u bí ọmọ bá ga.

Ọjọ́ Sátidé méjì la fi rán an nílé. Ojú rírán rẹ̀ wọ́ díẹ̀ lápá òsì, ṣùgbọ́n ọmọ wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹyẹ ló sì ń fò sókè.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òkè kaba tí a gé kúrò ṣì wà nínú àpótí Màmá. Àkísà wa àkọ́kọ́ nìyẹn.