Èdè Kan, Ẹnu Méjì

Nígbà tí ìdílé kan láti ìpínlẹ̀ Ohio ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà di ẹrù wọn, tí wọ́n kọrí sí ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, kò sí ẹni tí ó kìlọ̀ èdè fún wọn. Ará àti ọ̀rẹ́ kìlọ̀ òjò. Wọ́n kìlọ̀ òtútù. Wọ́n ní kí bàbá má ṣe gbàgbé pé ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè kẹ̀? Ṣé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún? Ẹni tí ó ń lọ sí Jámánì tàbí Faransé a máa di ìwé atúmọ̀ èdè mọ́ ẹrù rẹ̀. Ẹni tí ó ń ti Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa rò pé láti ilé bàbá sí ilé ìyá ni òun ń lọ. Èrò yìí ni ó kọ́kọ́ já wọn kulẹ̀.

Mẹ́rin ni wọ́n. Bàbá jẹ́ ẹnjinníà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ rán lọ fún ọdún mẹ́ta. Ọmọbìnrin wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án; àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún márùn-ún ní oṣù kẹfà ọdún náà. Ilé tóóró onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni wọ́n gbà, ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ ilé bíríkì pupa tí ó so mọ́ ara wọn láti ìkángun òpópó kan dé èkejì. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wà nínú ilé ìdáná, nítòsí ibi tí a ti ń gé àlùbọ́sà; èyí ya ìyá lẹ́nu ju ohun gbogbo lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó rí i pé ẹnu wáyà wọn kò bá ihò iná ibẹ̀ mu, nítorí náà ó ra ohun ìkibọ̀ kékeré kan, onírin mẹ́ta, tí ó mú kí ó ṣeé kì bọ̀ ọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹnu nìkan ni ohun náà ń yí padà, kò lè dín agbára iná kù. Iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 230 fólítì, ti Amẹ́ríkà kò ju 120 lọ. Ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun tí ìyá rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó rú èéfín, ó sì dákẹ́. Kò jẹ́ kí wọ́n gbé e sọnù. Orí kọ́ńbọ́ọ̀dù ni ó gbé e sí.

Kò pẹ́ tí etí bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọmọkùnrin náà. Ìyá tẹ àwọn dókítà láago, ohùn jẹ́jẹ́ kan sì dá a lóhùn pé kí ó gbé ọmọ wá sí “surgery” ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yẹn kò ní ìtumọ̀ méjì fún aláìsàn: iṣẹ́ abẹ ni. Ó béèrè pé ṣé láìtíì wo ọmọ náà rárá ni wọ́n fẹ́ la etí rẹ̀? Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí àwọn méjèèjì tó yé ara wọn pé yàrá tí dókítà ti ń gba àlejò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n ní dókítà wà ní “first floor”. Ìyá sì ń wá a káàkiri ìsàlẹ̀ ilé, nítorí pé ìsàlẹ̀ ilé ni ará Amẹ́ríkà ń fún ní orúkọ yẹn. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni dókítà wà tí ó ń dúró.

Bí wọ́n ti parí, bàbá yọ àpò owó, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, kò rí ibi tí a ti ń sanwó. Láti ọdún 1948 ni ìjọba ibẹ̀ ti gbé ètò ìlera kalẹ̀ tí kì í béèrè owó lọ́wọ́ aláìsàn lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fún ọmọ ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Bàbá rọra fi àpò owó pamọ́ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jalè. Kí a má tàn án jẹ ṣá: kí wọ́n tó fún wọn ní ìwé ìwọ̀lú ni ó ti san 1,035 pọ́n-ùn fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan àti 776 pọ́n-ùn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí wọn yóò lò.

Ìkíni pàápàá di ìṣòro. Obìnrin tí ó ń gbé ilé kejì a máa wí fún ìyá láràárọ̀ pé, “All right?” Ìyá rò pé ojú òun ni ó fà ro, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé oorun ni òun kò sùn tó, kí ó tó dé ìdajì ọ̀rọ̀, ẹni tí ó kí i ti kọjá lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò rẹ́rìn-ín níhìn-ín, nítorí pé ẹni tí ó béèrè pé “Ilé ńkọ́?” kò retí kí a ka iye ibi tí òrùlé ti ń jò fún òun.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Oṣù méjìlá péré ni òfin fi jẹ́ kí bàbá fi ìwé ìwakọ̀ Amẹ́ríkà wakọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, dandan ni kí ó ṣe ìdánwò bí ọmọ tí kò di ọwọ́ ọkọ̀ mú rí. Ó ti wakọ̀ fún ogún ọdún. Ó ra ìwé òfin ojú pópó, ó ń kà á ní alaalẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. Ọmọbìnrin wí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ẹrẹ̀ ta sí “pants” òun. Ṣòkòtò ni ó ń wí. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni àwọn ọmọ gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, òun náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà tí ó yá. Àbúrò rẹ̀ kò lè rẹ́rìn-ín. Ká ní Ohio ni wọ́n wà, ọdún àkọ́kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni ì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Ní Leeds, “Year 1” ni ọjọ́ orí rẹ̀ gbé e sí, láàrin àwọn ọmọ tí wọ́n ti lo odidi ọdún kan nínú kíláàsì tí ó ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n sì ti mọ ìró lẹ́tà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí ó ka ABD Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ ọ́ lórin bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ, ó sì parí rẹ̀ sí “zee”. Gbogbo kíláàsì kígbe pé, “Zed!” Ó dé ilé, ó ní àwọn ọmọ sọ pé òun kò mọ ìwé.

Olùkọ́ rẹ̀ kò ní ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí olùkọ́ gbogbo rò: bí ó bá jẹ́ pé láti Pólándì ni ọmọ náà ti dé, gbogbo ènìyàn ni ì bá fún un ní sùúrù pé èdè ni kò tíì gbọ́. Ọmọ tí ó gbọ́ èdè ni àṣìṣe rẹ̀ ń dà bí àìmọ̀.

Ìdánwò sì ń bọ̀. Ní oṣù kẹfà gbogbo ọmọ “Year 1” ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ka ogójì ọ̀rọ̀ sí etí olùkọ́ wọn, ogún nínú wọn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ kankan, kí a lè mọ̀ bóyá ìró ni ọmọ ń kà tàbí ó kàn há ọ̀rọ̀ sórí. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ rẹ̀ ní alaalẹ́. Nígbà tí ó bá pe “car”, a máa pe “r” ìparí rẹ̀ kedere, bí ìyá tirẹ̀ ti ń pè é. Ọmọ a mi orí: “Màmá, olùkọ́ wa kì í pè é bẹ́ẹ̀.” Bàbá ní kí ó má jẹ́ kí ọmọ gbàgbé, ṣebí ọdún mẹ́ta ni wọn yóò padà. Ìyá ronú sí i fún ọjọ́ púpọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó pa ẹnu tirẹ̀ tì, ó ní kí ọmọ máa ka ìwé fún òun bí olùkọ́ ti kọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá. Ní Leeds, ọjọ́ iṣẹ́ ni, ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni. Wọ́n sún un sí ọjọ́ Àbámẹ́ta. Odidi tòlótòló kò sí ní ọjà, nítorí pé Kérésìmesì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dè níbẹ̀. Adìyẹ ni wọ́n yan. Kí aago mẹ́rin tó lù, ilẹ̀ ti ṣú. Wọ́n pe màmá àgbà ní Ohio, níbi tí ọ̀sán kò tíì pọ́n, ìyá náà sì ní kí ọmọ-ọmọ òun kọ orin ABD fún òun.

Ọmọ kọ ọ́, kò kọsẹ̀, ó parí rẹ̀ sí “zed”. Màmá àgbà dákẹ́ díẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì wo lẹ gbà sílé yìí?” Ó sì tún orin náà kọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú “zee” tirẹ̀ ní ìparí, gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ́ ọ fún ìyá ọmọ náà nígbà kan.

Ọmọ fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ìyá rẹ̀ létí: “Ṣé Màmá Àgbà kò tíì mọ̀ ọ́n ni?”

Ìyá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tètè rí ohun tí yóò wí fún ẹni kankan nínú àwọn méjèèjì.