Kumasi: Egbò Jinná, Àpá Kù

Bí àlejò bá wọ Kumasi, olú-ìlú àwọn Àṣáńtì, ariwo ọjà Kejetia ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Kí ọdún 1969 tó dé, èdè Yorùbá kì í ṣe àjèjì nínú ọjà ìlú yìí. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti ìlú mìíràn ń tajà, wọ́n sì gbin ìjọ Onítẹ̀bọmi síbẹ̀, kí àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà tó dé lọ́dún 1947.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gáná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé, ọjà, owó tó wà lọ́wọ́ oníbàárà, ibojì òbí, gbogbo rẹ̀ di àfìsílẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gáná. Ìforóyároró ni kì í jẹ́ kí oró ó tán.

Kí ni ìgbàgbọ́ lè ṣe fún ọkàn tó gbọgbẹ́ báyìí? Kò ní kí a má sunkún: Jésù pàápàá sunkún nítorí Lásárù. Ẹni tó gbé ìbànújẹ́ mì, inú rẹ̀ ni yóò máa jẹ. Ẹni tó sọ ọ́ fún Ọlọ́run àti fún ará, ẹrù rẹ̀ yóò fúyẹ́.

Àwọn tó gbin ìjọ lọ, ṣùgbọ́n ìjọ Onítẹ̀bọmi kò kú ní Gáná. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ń bá a lọ. Ẹ̀yin tí wọ́n lé nígbà náà, àpá yín kì í ṣe ìtìjú. Ẹ̀rí ni pé egbò náà ti jinná.